Ohun Tí Ó Tó Ni Ó Tó: Ìṣirò Ẹni Tí Ọmọ Rẹ̀ Kù Díẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà Ìdíje Póka

Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú

Bí a bá dárúkọ tẹ́tẹ́ láàrin àwọn Yorùbá, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ènìyàn ni òfò, gbèsè àti ẹ̀sín. Èrò yìí kò ṣàìtọ̀nà. Ṣùgbọ́n nínú eré káàdì tí à ń pè ní póka, ẹ̀ka kan wà tí ó jẹ́ pé ìṣirò ni ó gba ipò iwájú nínú rẹ̀. Ẹ̀ka náà ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ìdí méjì ni mo fi yàn án. Èkínní ni pé ó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kan nípa ohun tí ó tó àti ohun tí kò tó, ẹ̀kọ́ tí ó tako ohun tí ojú wa máa ń sọ fún wa. Èkejì ni pé àwọn kan nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga a máa wí pé èdè Yorùbá dára fún oríkì àti àlọ́, ṣùgbọ́n kò lè gbé ìṣirò tí ó jinlẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé fúnra yín ṣe onídàájọ́ ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ẹ bá kà á dé òpin. N kò kọ ọ́ láti ti ẹnikẹ́ni sínú tẹ́tẹ́.

Bí Eré Náà Ṣe Rí

Irú póka tí ó gbajúmọ̀ jù lọ lóde òní ni èyí tí wọ́n ń pè ní Texas Hold'em. Wọn a fún olúkúlùkù ní káàdì méjì tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni wọn a tẹ́ káàdì márùn-ún sí àárín tábìlì: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan sí i. Nínú méjèèje yìí ni olúkúlùkù ti ń ṣa márùn-ún tí ó dára jù.

Nínú ìdíje, kì í ṣe owó gidi ni wọ́n ń fi ta á. Ohun róbótó kan ni wọ́n ń pín fún àwọn oníeré, iye kan náà fún gbogbo wọn. Nítorí pé ayò ni ó sún mọ́ wa jù, ọmọ ni n ó máa pe nǹkan wọ̀nyí. Ẹni tí gbogbo ọmọ rẹ̀ bá tán ti jáde nìyẹn. Kí eré má bàa dúró sójú kan, àwọn méjì ní láti fi ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n tó rí káàdì wọn ní ìgbà kọ̀ọ̀kan: ẹni kan yóò fi ọmọ ọ̀ranyàn ńlá sílẹ̀, ẹnì kejì yóò fi kékeré sílẹ̀. Ọ̀ranyàn yìí a máa yí tábìlì ká, a sì máa pọ̀ sí i bí àkókò ti ń lọ.

Ẹni tí ó bá da káàdì rẹ̀ nù ti juwọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá san iye tí ẹlòmíràn fi lélẹ̀ ti tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá kó gbogbo ọmọ rẹ̀ lélẹ̀ ti fi gbogbo ara wọ ọ́ nìyẹn. Bí a bá ti ní àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí lọ́wọ́, a lè tẹ̀ síwájú.

Ìdíje Àṣewọlé

Ní ìlú Las Vegas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìdíje póka kan wà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, tí wọ́n ń pè ní World Series of Poker. Láti ọdún 1972 ni ẹni tí ó bá fẹ́ kópa nínú abala rẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù ti ní láti san 10,000 dọ́là. Owó yìí kì í ṣe kékeré. Nítorí náà ni wọ́n ṣe dá ìdíje mìíràn sílẹ̀ níwájú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní satellite. Ènìyàn mẹ́wàá lè kó 1,000 dọ́là jọ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ta á láàrin ara wọn, kí ẹni tí ó borí sì fi 10,000 dọ́là náà wọlé sínú ìdíje ńlá. N ó máa pe èyí ní ìdíje àṣewọlé, nítorí pé ó jọ ìdánwò tí à ń ṣe kí a tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga.

Tom McEvoy ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba ọ̀nà yìí wọlé tí ó sì borí nínú ìdíje ńlá, ní ọdún 1983. Ní ọdún 2003, Chris Moneymaker, oníṣirò owó láti ìpínlẹ̀ Tennessee, fi owó tí kò tó 100 dọ́là bẹ̀rẹ̀ ìdíje àṣewọlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó wọlé, ó borí ènìyàn 838, ó sì gba mílíọ̀nù 2.5 dọ́là. Láti ìgbà náà ni ìdíje àṣewọlé ti di ohun tí gbogbo ayé mọ̀.

Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni ibí yìí. Nínú ìdíje lásán, ẹni kìíní a máa gba owó tí ó pọ̀ ju ti ẹnì kejì lọ, ẹnì kejì a sì máa gbà ju ẹni kẹta lọ. Nítorí náà, ó yẹ kí ènìyàn máa wá ọmọ kún ọmọ. Ṣùgbọ́n nínú ìdíje àṣewọlé tí ó ní àyè púpọ̀, ọgbọọgba ni gbogbo àyè. Ẹ jẹ́ kí a ní ènìyàn 50 san 1,000 dọ́là lẹ́nìkọ̀ọ̀kan; àyè 5 ni yóò wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 10,000 dọ́là. Bí ó bá ku ènìyàn márùn-ún, eré parí. Ẹni tí ó ní ọmọ 300,000 àti ẹni tí ó ní ọmọ 5,000 yóò gba ohun kan náà. Bákan náà ni ẹni tí ó gba máàkì tí ó ga jù nínú ìdánwò àṣewọlé àti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ìlà ṣe ń jókòó nínú kíláàsì kan náà.

Ẹni tí ó mọ ayò kò ní rí èyí bí àjèjì. Ọmọ 48 ni ó wà nínú ọpọ́n. Ẹni tí ó bá ti jẹ 25 ti borí. Ọ̀ta ayò kì í torí pé ó fẹ́ jẹ 40 kí ó fi 25 tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wewu.

Ìgbà tí ó bá ku ẹnì kan ṣoṣo tí yóò jáde kí gbogbo àwọn tí ó kù wọlé ni àwọn òyìnbó ń pè ní bubble. Èmi yóò pè é ní ẹnu ọ̀nà.

Ìtàn Búrẹ́dì Méjì

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, àwa mẹ́jọ ta á nínú yàrá wa ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná kò sí. A kó ọmọ ayò inú ọpọ́n méjì jọ, ó jẹ́ 96, olúkúlùkù gba 12. Ẹ̀gbọ́n kan tí ó wà ní ọdún kẹrin ni ó gbé búrẹ́dì méjì kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àyè méjì. Ní ìgbẹ̀yìn, ó ku àwa mẹ́ta: èmi, ẹ̀gbọ́n náà, àti ọ̀rẹ́ mi kan. Ọmọ 32 ni ó wà lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi kó gbogbo ọmọ rẹ̀ lélẹ̀, ó tún búra pé òun kò tilẹ̀ wo káàdì òun. Èmi wo tèmi: ace àti 10. Mo tẹ̀ lé e. Ó ṣí tirẹ̀: 7 àti 4. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n 7 kan jáde sórí tábìlì, tèmi kò jáde. Mo lọ sùn pẹ̀lú ebi.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, káàdì tèmi ni ó dára jù. Orí ni kò ṣe é."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo gbà pé tìrẹ ni ó dára jù. Ṣùgbọ́n tí o bá ti da káàdì yẹn nù, ìgbà mélòó nínú 100 ni wàá jẹ búrẹ́dì?"

N kò lè dáhùn. Òun ni ó là á yé mi. Ènìyàn mẹ́ta, búrẹ́dì méjì, ọmọ wa dọ́gba: ìpín ẹnìkọ̀ọ̀kan jẹ́ méjì nínú mẹ́ta, èyí tí í ṣe nǹkan bí 67 nínú 100. Ace àti 10 máa ń borí káàdì tí a kò mọ̀ ní nǹkan bí ìgbà 63 nínú 100. Nígbà tí mo tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ mi, ṣe ni mo fi 67 ra 63. Bí àyè náà bá jẹ́ ti 10,000 dọ́là, 400 dọ́là ni mo dà nù láìtíì rí káàdì kan lórí tábìlì.

Ta ni ó wá jèrè? Ọ̀rẹ́ mi pàápàá kò jèrè ìtẹ̀lé mi, nítorí pé tirẹ̀ wálẹ̀ láti 67 sí 37. Ẹ̀gbọ́n tí ó jókòó láìṣe nǹkan kan ni tirẹ̀ gòkè láti 67 di 100. Ìjà àwa méjì ni ó jẹ lóúnjẹ alẹ́.

Ohun tí mo kọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà ni pé lẹ́nu ọ̀nà, kí káàdì ẹni dára ju ti ẹnì kejì lọ kò tíì tó. Ó gbọ́dọ̀ dára tó ohun tí a ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà Tí A Fi Ń Wọn Ìpín

Nígbà tí ọmọ kò bá dọ́gba, báwo ni a ó ṣe mọ ìpín olúkúlùkù? Ní ọdún 1973 ni David Harville gbé ọ̀nà ìṣirò kan jáde tí ó wúlò fún eré ìje ẹṣin. Ní àwọn ọdún 1980 ni Mason Malmuth mú irú ìṣirò náà wọ inú ìdíje póka. A lè ṣàlàyé rẹ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ kí a kó gbogbo ọmọ tí ó wà lórí tábìlì sínú àpò kan, kí olúkúlùkù ti fi àmì sára tirẹ̀. A di ojú, a ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, a mú ẹyọ kan. Ẹni tí ó ni ín ni ó gba ipò kìíní. A kó gbogbo ọmọ ẹni náà kúrò nínú àpò, a tún mú ẹyọ kan. Ẹni tí ó ni ín ni ó gba ipò kejì. Báyìí ni a ó ṣe máa bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Ó ku ènìyàn mẹ́ta, àyè méjì. Àjọkẹ́ ní ọmọ 50, Bísí ní 30, Kọ́lá ní 20. Ìgbà 20 nínú 100 ni Kọ́lá yóò ṣe ipò kìíní. Bí ó bá jẹ́ Àjọkẹ́ ni ó ṣe kìíní, èyí tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 50, ọmọ 50 ni ó kù nínú àpò, 20 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti Kọ́lá: ìyẹn fún un ní ìgbà 20 sí i. Bí ó bá jẹ́ Bísí ni ó ṣe kìíní, ní ìgbà 30, ọmọ 70 ni ó kù, 20 sì jẹ́ ti Kọ́lá: ìyẹn fún un ní nǹkan bí 8.6 sí i. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48.6. Bí a bá ṣe bákan náà fún àwọn yòókù, ti Bísí yóò jẹ́ 67.5, ti Àjọkẹ́ yóò sì jẹ́ 83.9.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọmọ Àjọkẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ti Kọ́lá, ṣùgbọ́n ìpín rẹ̀ kò tó ìlọ́po méjì ti Kọ́lá. Ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ní díẹ̀ níye lórí ju ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ní púpọ̀ lọ.

Wàyí o, Àjọkẹ́ kó ọmọ lélẹ̀. Ṣé kí Kọ́lá fi 20 rẹ̀ tẹ̀ lé e? Bí ó bá pàdánù, ó di òfo. Bí ó bá borí, òun yóò ní 40, àwọn méjì yòókù yóò ní 30, 30, ìpín Kọ́lá yóò sì jẹ́ 74.3. Bí ó bá dà á nù, 48.6 rẹ̀ wà níbẹ̀, bí a kò bá ka ọ̀ranyàn mọ́ ọn. Nítorí náà, káàdì rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè borí ní ìgbà tí ó lé díẹ̀ ní 65 nínú 100 kí ó tó tẹ̀ lé e. Ojú ọmọ lásán yóò sọ fún un pé 50 ti tó. Káàdì 9 méjì jẹ́ ohun tí ó wu ojú, ṣùgbọ́n bí ó bá pàdé ace àti ọba, nǹkan bí 55 nínú 100 péré ni yóò fi borí.

Ẹni Tí Ó Kéré, Àti Ẹni Tí Ó Kéré Jù Ú Lọ

Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kù díẹ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ kì í ṣe "Irú káàdì wo ni mo ní?" bí kò ṣe "Ta ni ó kéré jù mí lọ, ìgbà wo sì ni ọ̀ranyàn yóò kàn án?" Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìdíje ènìyàn 50 ti àtẹ̀yìnwá. Ọmọ 10,000 ni wọ́n fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, nítorí náà 500,000 ni àpapọ̀. Ó ku ènìyàn mẹ́fà, àyè márùn-ún. Ọmọ wọn rí báyìí: 200,000, 140,000, 90,000, 50,000, 13,000, 7,000. Ọ̀ranyàn ńlá jẹ́ 4,000, kékeré jẹ́ 2,000. Àwa ni ẹni karùn-ún, tí ó ní 13,000.

Lójú lásán, a ti kú. Ọmọ wa kò tó 3 nínú 100. Ṣùgbọ́n bí a bá ti pẹ́ ju ẹni kẹfà lọ, a ti wọlé. Nínú ìṣirò àpò tí a ṣe lókè, láàrin ọmọ 13,000 àti 7,000, ìgbà 65 nínú 100 ni tiwa yóò kọ́kọ́ jáde. Èyí ni pé ó kéré tán, ìpín wa jẹ́ 65 nínú 100 àyè kan.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo bí ọ̀ranyàn ṣe ń rìn. Ká ní ẹni kẹfà ni ọ̀ranyàn ńlá kàn báyìí, àwa ni yóò sì kàn tẹ̀ lé e. Bí kò bá jà, tí àwa náà kò sì jà, 7,000 rẹ̀ yóò di 3,000, lẹ́yìn náà 1,000. Tiwa yóò di 9,000, lẹ́yìn náà 7,000. Nígbà tí ọ̀ranyàn ńlá bá tún yí kàn án, 1,000 tí ó kù kò ní tó o san. Àwa ṣì dúró. Nítorí náà, bí wọ́n bá fún wa ní 9 méjì nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dà á nù. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kì í ṣe ohun tí à ń ṣe lẹ́ẹ̀kan kí a tó gbàgbé rẹ̀. Bí ẹni kẹfà bá fi 7,000 rẹ̀ jà, tí ó sì borí, ó lè di 16,000. Àwa ni a wá kéré jù nìyẹn. Gbogbo ohun tí a sọ lókè ti yí padà.

Ìgbà Tí Sùúrù Kò Wúlò Mọ́

Bí kò bá sí ẹni tí ó kéré jù wá lọ, ọ̀ranyàn ni yóò jẹ wá tán bí a bá ń dúró. Ibí yìí ni òwe mìíràn ti wọlé: ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí à ń gbà ṣe é.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó ọmọ lélẹ̀ ní ọ̀nà méjì láti jèrè: kí gbogbo ènìyàn juwọ́ sílẹ̀ fún un, tàbí kí wọ́n tẹ̀ lé e kí ó sì borí. Ẹni tí ó tẹ̀ lé ẹlòmíràn ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Nítorí náà, káàdì tí a lè fi kọ́kọ́ kó ọmọ lélẹ̀ kò ní láti dára tó èyí tí a ó fi tẹ̀ lé ẹlòmíràn.

Ó tún gbọ́dọ̀ bọ́ sí àkókò. Bí a bá ní 20,000 tí a kó o lélẹ̀, ẹni tí ó ti fi ọ̀ranyàn ńlá sílẹ̀ ní láti fi 16,000 kún un kí ó lè jẹ 26,000 tí ó wà nílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ lè borí ní ìgbà 38 nínú 100. Yóò da ọ̀pọ̀ káàdì nù. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró títí ó fi ku 8,000, 4,000 péré ni yóò fi kún un láti jẹ 14,000. Ìgbà 22 nínú 100 ti tó o. Káàdì 7 àti 2, tí ó burú púpọ̀, a máa borí ace àti ọba ní nǹkan bí ìgbà kan nínú mẹ́ta. Kò sí ìdí tí yóò fi juwọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó dúró pẹ́ jù ti sọ ohun ìjà rẹ̀ nù kí ogun tó dé.

Ó yẹ kí a tún mọ ẹni tí à ń dojú kọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà láàárín ni ó ń bẹ̀rù jù, nítorí pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé, àwa sì lè ṣe é léṣe. Ẹni tí ó ní 200,000 kò bẹ̀rù 13,000 wa.

Ìgbà Tí A Ń Da Ace Méjì Nù

Èyí ni ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu jù. Kò sí káàdì méjì tí ó dára ju ace méjì lọ. Ó ń borí káàdì tí a kò mọ̀ ní nǹkan bí ìgbà 85 nínú 100. Ká ní ó ku ènìyàn 11, àyè 10, ọmọ gbogbo wọn sì dọ́gba. Ìpín olúkúlùkù jẹ́ 10 nínú 11, ìyẹn nǹkan bí 91 nínú 100. Bí ẹnì kan bá kó gbogbo ọmọ lélẹ̀ níwájú wa, tí a sì ní ace méjì, dídà ni kí a dà á nù. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e fi 91 ra 85. Ọ̀rọ̀ yìí le láti gbà, ṣùgbọ́n ìṣirò kò ní ojúsàájú.

Òfin Ẹnu Ọ̀nà

Ohun méjì ni a gbọ́dọ̀ fi kún un. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí eré parí tí tábìlì sì ju ẹyọ kan lọ, àwọn alábòójútó a máa mú kí gbogbo tábìlì ta káàdì kan kí wọ́n sì dúró de ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa fi ìjáfara sá fún ọ̀ranyàn. Èkejì, àwọn méjì tí ó tẹ̀ lé ẹni kékeré lè má fi ọmọ kún un mọ́, kí ọwọ́ wọn méjèèjì lè lé e jáde. Bí olúkúlùkù bá fi ọgbọ́n ara rẹ̀ ṣe èyí, kò lòdì sí òfin. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹnu kò lé e lórí, ìrẹ́jẹ ni, òfin sì lè lé wọn jáde.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé nínú ìdíje àṣewọlé, ọmọ tí ó ju ohun tí ó tó lọ kò ní èrè; pé ẹni tí ó tẹ̀ lé ẹlòmíràn nílò káàdì tí ó dára ju bí ojú ti rò ó lọ; pé ẹni tí ó kéré gbọ́dọ̀ ka ọmọ àwọn ẹlòmíràn kí ó tó wo káàdì tirẹ̀; àti pé sùúrù ní àkókò tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìgboyà.

N kò gbàgbé pé ẹni mẹ́rìnlélógójì ti jáde nínú àpẹẹrẹ wa kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́fà tí a ń ṣírò fún. 1,000 dọ́là olúkúlùkù wọn ni àwọn márùn-ún fi wọlé. Kò sí ìṣirò kan tí ó lè sọ 50 di àyè 50. Kí ẹni tí owó ilé-ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ rántí èyí dáadáa.

Ní ti àwọn tí wọ́n ń wí pé èdè wa kò lè ṣírò, n kò ní èsì mìíràn fún wọn. Ọpọ́n méjì, ọmọ 96 àti búrẹ́dì méjì ni ẹ̀gbọ́n mi fi kọ́ mi, Yorùbá ni ó sì fi kọ́ mi. Ó yé mi. Ebi alẹ́ ọjọ́ náà kò jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀.